Búráùn Méjì Lára Ilé Kan

Ẹ̀gbọ́n mi kan kọ́ ilé ìfẹ̀yìntì sí Kabba, nílẹ̀ Okun, lápá ọ̀nà Obajana. Abuja ló wà, orí fóònù ló sì ti ń darí iṣẹ́, bí ọ̀pọ̀ ọmọ Okun tó wà lẹ́yìn odi ṣe máa ń ṣe. Nígbà tó kan fèrèsé, ó pe oníṣẹ́ alumíníọ̀mù, ó ní, "Búráùn ni kí o bá mi ṣe o." Ìyẹn ní, "Kò sí wàhálà, ọ̀gá." Nígbà tí ẹ̀gbọ́n wálé fún ọdún, búráùn méjì ló bá lára ilé kan ṣoṣo. Ti iwájú ń dán bí idẹ tó ti pẹ́ lọ́wọ́ àgbà. Ti ẹ̀yìn rí bí ṣokoléètì, kò dán, ó kàn jókòó jẹ́jẹ́. Ni àríyànjiyàn bá bẹ̀rẹ̀. Oníṣẹ́ ní búráùn ni wọ́n ní kí òun mú wá, búráùn náà sì ni òun mú wá. Kò parọ́.

Ohun kejì ló bí ẹ̀gbọ́n nínú jù. Àwọn fèrèsé iwájú, tó yẹ kó jẹ́ ẹwà ilé, ti ní àpá funfun róbótó-róbótó káàkiri, bíi pé omi ẹfun ta sí wọn lára. A fi omi fọ̀ ọ́, kò lọ. A fi ọṣẹ kún un, kò lọ. Ọmọ kan nínú ilé mú kànìnkànìn onírin tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò, ó fi ha ọ̀kan, a wá ní àpá tuntun lórí àpá àtijọ́.

Ibì kan náà ni ọ̀ràn méjèèjì ti ṣẹ̀ wá. A béèrè àwọ̀. A kò béèrè ohun tó gbé àwọ̀ náà ró.

Àwọ̀ lọ́tọ̀, fíníṣìn lọ́tọ̀

Àwọ̀ ni ohun tí ojú rí: funfun, dúdú, búráùn, àwọ̀ eérú. Fíníṣìn, bí àwọn oníṣẹ́ ṣe ń pè é, ni ohun tí wọ́n ṣe sí ara férémù kí àwọ̀ tó lè dúró níbẹ̀. Bí ènìyàn méjì bá wọ aṣọ dúdú, tí ọ̀kan pa tirẹ̀ láró, tí èkejì fi ọ̀dà kun tirẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ la ó mọ̀ pé dúdú ju ẹyọ kan lọ.

Àwọn ìyá wa tó ń hun aṣọ ní Bùnú láyé àtijọ́ ti mọ èyí kí alumíníọ̀mù tó dé ilẹ̀ wa. Aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí wọ́n fi ń ṣẹ̀yẹ òkú ènìyàn ńlá, òwú tó ti pupa láti òkèèrè ni wọ́n ń tú lára aṣọ òyìnbó, wọ́n á sì fi hun tiwọn. Osùn wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé osùn a máa ṣí? Lójú tèmi, ìmọ̀ fíníṣìn gan-an nìyẹn: wọn kò wo pupa nìkan, wọ́n wo bí pupa náà ṣe di ara òwú mú.

Ahọ́n wa náà ní tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ènìyàn pupa, erùpẹ̀ pupa, epo pupa, aṣọ ìpò pupa: àwọ̀ mẹ́rin, orúkọ kan. Kò sí àbùkù níbẹ̀, torí ẹni tó ń sọ ọ́ àti ẹni tó ń gbọ́ jọ ń wo ohun náà ni. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá wà ní Abuja, tí èkejì wà nínú ṣọ́ọ̀bù ní Kabba, ọ̀rọ̀ náà kò ní ibi tó máa fẹsẹ̀ tẹ̀ mọ́. Kódà "búráùn" tí a yá lọ́wọ́ òyìnbó kò sàn jù ú lọ. Nínú iṣẹ́ alumíníọ̀mù, "bírọ́ọ̀ǹsì" jẹ́ búráùn, "ṣokoléètì" jẹ́ búráùn, "kọfí" jẹ́ búráùn, férémù tó ní ojú igi náà búráùn ni.

Irú wàhálà yìí ló mú kí àwọn ará Jámánì ṣe ìwé àwọ̀ kan ní ọdún 1927, tí wọ́n pè ní RAL. Àwọ̀ 40 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ó ti lé ní 200 báyìí. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà onídíjíìtì mẹ́rin. RAL 8017 ni búráùn ṣokoléètì, RAL 9016 ni ọ̀kan nínú àwọn funfun, RAL 7016 ni eérú dúdú tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbé kiri lórí fóònù lóde òní. Ẹni tó bá sọ nọ́ńbà fún oníṣẹ́ kò tún nílò àdúrà kó tó gba ohun tó béèrè. Nọ́ńbà yìí ṣiṣẹ́ fún férémù tí a kùn ní ọ̀dà tàbí tí a fi ìyẹ̀fun yan. Kò ṣiṣẹ́ fún bírọ́ọ̀ǹsì, ìdí rẹ̀ ló sì kàn.

Bí àwọ̀ ṣe ń wọ ara alumíníọ̀mù

Alumíníọ̀mù kò pẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ènìyàn bí irin àti bàbà. Ọdún 1886 ni Charles Martin Hall ní Amẹ́ríkà àti Paul Héroult ní Faransé rí ọ̀nà kan náà, láì mọ ara wọn, láti fi iná mànàmáná yọ ọ́ lówó tí kò gani lára. Ohun tó fi yàtọ̀ sí irin ni pé gbàrà tí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, ó máa ń hu awọ tín-ín-rín kan tó bo ara rẹ̀. Awọ yìí ni àwọn ènìyàn rí tí wọ́n fi ń sọ pé alumíníọ̀mù kì í bàjẹ́. Ó ń bàjẹ́. Ẹ wo inú ìkòkò tí wọ́n ti fi kánún se ẹ̀wà fún ọdún mélòó kan. Ó ti dúdú, ojú rẹ̀ sì ti jẹ.

Férémù tí wọn kò ṣe nǹkan kan sí lára ni mo máa pè ní ara lásán. Òun ló pọ́ jù lọ́jà, àwọn kan sì ń pè é ní "sílífà". Lọ́jọ́ tó bá dé, ó ń kọ mọ̀nà. Bí òjò bá pa á fún ọdún bíi méjì, á di eérú, á sì ní èérún funfun kéékèèké bí iyọ̀ tó gbẹ. Sílífà gidi wà, tí wọ́n ti dá ààbò bo ara rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ́ lẹ́nu òǹtajà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ owó ń gbà sọnù.

Anodáìsì ni aró alumíníọ̀mù. Wọ́n á fọ férémù mọ́ tónítóní, wọ́n á rì í sínú ọpọ́n ńlá tí ásíìdì sọ́fúríìkì tí a fi omi là wà nínú rẹ̀, wọ́n á sì fi iná mànàmáná sí i. Iná yìí á mú kí awọ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan máa nípọn sí i láti inú alumíníọ̀mù fúnra rẹ̀. Wọn kò gbé nǹkan kan lé e. Ara rẹ̀ ló hù ú, bí ìka ṣe ń hu èékánná. Awọ náà kún fún ihò tíntìntín bí afárá oyin. Fún bírọ́ọ̀ǹsì, irú èyí tó wà níwájú ilé ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n sábà máa ń fi iná gbé èròjà tíìnì sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àwọn ihò náà. Bí wọ́n bá ṣe pẹ́ tó níbẹ̀ ni àwọ̀ ṣe máa ṣú tó, láti àwọ̀ oyin títí dé dúdú kirikiri. Lẹ́yìn èyí, omi tó ń hó ni wọ́n fi ń dí ẹnu ihò, kí àwọ̀ má baà jáde, kí ìdọ̀tí má sì wọlé.

Ìdí nìyí tí bírọ́ọ̀ǹsì kò fi ní nọ́ńbà RAL. Bí aláró méjì kò ṣe lè pa aṣọ kí ó rí bákan náà gẹ́lẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ọpọ́n òní àti ọpọ́n oṣù tó ń bọ̀ kò ní jọ ara wọn pátápátá. Ẹni tó bá fẹ́ bírọ́ọ̀ǹsì, kí ó ra ti gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ó má ra ti iwájú lọ́dún yìí kí ó tó ra ti ẹ̀yìn nígbà tí owó bá tún wọlé.

Awọ anodáìsì kò nípọn. Fún ìta ilé, máíkírọ́ọ̀nù 15 sí 25 ni wọ́n sábà ń fẹ́, bẹ́ẹ̀ 1,000 máíkírọ́ọ̀nù ló wà nínú mìlímítà kan. Irun orí ẹyọ kan nípọn tó 70. Síbẹ̀, awọ náà le, oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án, kì í sì í bó bí ọ̀dà, torí pé kò sí ohun tó lè bó.

Ìkejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní pọ́dà kótìn. Ẹni tó bá ti rí bí ìyá ṣe ń pa àtíkè sí ọmọ lára lẹ́yìn ìwẹ̀ ti rí ìdajì rẹ̀. Ìyẹ̀fun gbígbẹ ni ọ̀dà yìí, kò ní omi, kò ní tínà. Wọ́n á fi iná mànàmáná sínú ìyẹ̀fun náà láti ẹnu ìbọn tí wọ́n fi ń fọ́n ọn, kí ó lè fò mọ́ alumíníọ̀mù fúnra rẹ̀, bí eruku ṣe máa ń lẹ̀ mọ́ ojú tẹlifíṣọ̀n. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ti férémù náà sínú ààrò ńlá tó gbóná tó 180 sí 200 lórí ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 sí 20. Ìyẹ̀fun á yọ́, á ṣàn pọ̀, á di awọ kan ṣoṣo tó nípọn tó 60 sí 80 máíkírọ́ọ̀nù. Àwọ̀ tó bá wuni ló ṣeé fi ṣe, ó sì lè dán, ó lè dán díẹ̀, ó lè má dán rárá.

Ohun tó ń ba pọ́dà kótìn jẹ́ kì í sábà jẹ́ ìyẹ̀fun fúnra rẹ̀. Ìfọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ ni. Bí wọn kò bá fọ epo àti ìdọ̀tí kúrò, tí wọn kò sì fi èròjà tó yẹ pa ara alumíníọ̀mù kí àwọ̀ lè rí nǹkan dì mú, férémù náà á dára lójú fún ọdún kan, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wú bí ara ẹni tí omi gbígbóná ta sí. Àwọn kan rò pé bí ọ̀dà bá ṣe nípọn tó ló ṣe dára tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó nípọn ju bó ṣe yẹ lọ máa ń ní ojú bí èèpo ọsàn, ó sì máa ń sán níbi igun.

Èyí tó ní ojú igi, pọ́dà kótìn náà ni. Wọ́n gbé àwòrán igi lé orí rẹ̀ pẹ̀lú ooru, bí wọ́n ṣe ń tẹ àwòrán ojú òkú mọ́ ẹ̀wù ìnáwó. Ó lẹ́wà lábẹ́ ọ̀ọ̀dẹ̀. Níbi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti ń kọjú sí i lójoojúmọ́, mi ò ní fi owó mi sí i.

Omi eérú tó wà nínú àpò sìmẹ́ǹtì

Bí ẹ bá bi àwọn ènìyàn ní Kabba pé kí ló ń ba àwọ̀ fèrèsé jẹ́, oòrùn ni wọ́n máa kọ́kọ́ dárúkọ. Oòrùn jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ ń gba ọdún púpọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ti sìmẹ́ǹtì kò gbà ju ọ̀sán kan lọ.

Ìyá tó mọ bí a ti ń se ọṣẹ dúdú kò ní da omi eérú sínú ìkòkò alumíníọ̀mù. Ó mọ̀ pé yóò jẹ ìkòkò náà. Omi tó wà nínú sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pò, ọmọ ìyá omi eérú ni. Òun náà ló ń jẹ ìka mọlémọlé tí kò wọ ìbọ̀wọ́. Nígbà tó bá ta sára alumíníọ̀mù, yóò kọ́kọ́ jẹ awọ tó ń dáàbò bò ó, yóò sì wọ inú ara. Anodáìsì ló ń ṣe lọ́ṣẹ́ jù, torí alumíníọ̀mù náà ni awọ ọ̀hún ti wá. Pọ́dà kótìn máa ń fara dà á díẹ̀, ṣùgbọ́n bí sìmẹ́ǹtì bá gbẹ mọ́ ọn lára, ojú rẹ̀ á ṣì kú, ẹni tó bá sì fi ọ̀bẹ ha sìmẹ́ǹtì náà kúrò á ha àwọ̀ mọ́ ọn.

Sìmẹ́ǹtì kò sì jìnnà sí wa. Obajana tí ilé iṣẹ́ Dangote wà kò ju ọ̀nà 43 kìlómítà lọ sí Kabba, ọ̀nà oníkọnkéré tí ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ṣe. Ilé búlọ́ọ̀kù ni gbogbo wa ń kọ́. Ìdí nìyẹn tó fi yà mí lẹ́nu pé ètò tí a ń tẹ̀ lé nídìí iṣẹ́ ilé ń bi ara rẹ̀ ṣubú: a ó gbé fèrèsé wọlé kí olè má baà jí nǹkan, lẹ́yìn náà ni a ó wá rẹ́ ògiri, a ó lẹ táìlì, a ó kun ilé. Fèrèsé tuntun ló máa gba gbogbo ìtasí náà. Bó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n rẹ́ ibi tí fèrèsé máa jókòó sí tán, kí ó gbẹ, kí férémù tó wọlé. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí wọ́n fi ọ̀rá bo férémù. Bí sìmẹ́ǹtì bá ta sí i, omi púpọ̀ lójú ẹsẹ̀, kó tó gbẹ.

Ásíìdì tí àwọn onítáìlì fi ń fọ ilẹ̀ tún burú jù ú lọ. Kò pọn dandan kó kan férémù. Èéfín rẹ̀ nìkan, nínú yàrá tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa, ń jẹ alumíníọ̀mù. Kí wọ́n ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀, kí wọ́n sì fi omi ṣan ilẹ̀ dáadáa.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọ̀rá tó máa ń wà lára férémù tuntun. Láti ilé iṣẹ́ ló ti wá, ìwúlò rẹ̀ sì ni iṣẹ́ ilé kíkọ́ gan-an. Àwa wá yí i sódì. Àwọn kan ń ya á lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kí àwọn tó ń kọjá lọ́nà lè rí i pé fèrèsé ti wọlé. Àwọn mìíràn ń fi sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rá sílẹ̀ lára àga pálọ̀, títí oòrùn á fi yan àtè rẹ̀ mọ́ férémù. Kí ẹ ya á lọ́sẹ̀ tí iṣẹ́ bá parí, kì í ṣe kó tó parí, kì í ṣe lẹ́yìn ọdún.

Igi àti irin

Kì í ṣe gbogbo ilé ló ń lo alumíníọ̀mù. Férémù ilẹ̀kùn onígi ṣì pọ̀, ààbò onírin sì wà lójú fèrèsé gbogbo.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nípa igi ni pé fáníìṣì ló ń dáàbò bò ó jù. Fáníìṣì tó mọ́ gaara dà bíi gíláàsì: oòrùn ń gba inú rẹ̀ kọjá, ó ń pa ojú igi lábẹ́ rẹ̀, fáníìṣì kò wá ní rí nǹkan dì mú mọ́, á máa bó bí awọ ejò. Bí apá tàbí ìrókò tilẹ̀ ni igi náà, bákan náà ni. Fáníìṣì fún inú ilé àti abẹ́ ọ̀ọ̀dẹ̀. Ọ̀dà tó ní àwọ̀, tó ń dí oòrùn lójú, fún ìta. Bákan náà, ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹ́ńjìnì ọ́ìlì àlòkù pa férémù nítorí ikán, ẹ̀yìn tó kọjú sí ògiri nìkan ni kí ẹ fi mọ sí, bí ẹ bá tilẹ̀ gbọ́dọ̀ lò ó. Ọ̀dà kì í dì mọ́ epo, àbàwọ́n dúdú rẹ̀ á sì máa yọ jáde lójú funfun yín fún ọdún gbọọrọ.

Ti irin kúrú. Ọ̀dà pupa tí àwọn wẹ́dà ń pè ní rẹ́dì ọ́sáìdì kì í ṣe ìparí iṣẹ́. Ìpìlẹ̀ ni. Omi ń gba inú rẹ̀ wọlé. Ààbò tí wọ́n fi rẹ́dì ọ́sáìdì nìkan pa tí wọ́n sì gbàgbé síbẹ̀ á dógùn-ún lábẹ́ rẹ̀, ojú kò sì ní tètè rí i torí pé pupa ni ìpáàrà, pupa ni ọ̀dà. Kí wọ́n fi sáńpépà ha ojú ibi tí wọ́n jó pọ̀, kí wọ́n pa rẹ́dì ọ́sáìdì, kí wọ́n sì fi ọ̀dà dídán bò ó lẹ́ẹ̀mejì. Irin tó ń dógùn-ún lókè fèrèsé ló ń da omi pupa sára férémù funfun, tí a ó wá máa bú férémù.

Àwọ̀ wo ló yẹ ilẹ̀ erùpẹ̀ pupa?

Wọ́n máa ń sọ pé funfun kò yẹ ilẹ̀ wa nítorí ẹrẹ̀. Òdodo wà níbẹ̀ díẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀ sórí ilẹ̀ tí kò ní sìmẹ́ǹtì, erùpẹ̀ pupa á máa ta sókè, ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn funfun á sì di àwọ̀ osùn kí oṣù Keje tó parí. Ṣùgbọ́n ẹni tó sá fún funfun tó gbá dúdú mú, ọyẹ́ ń dúró dè é. Eruku ọyẹ́ kò pupa. Ó rí bí eérú, lára férémù dúdú ló sì ti ń hàn jù. Ẹrẹ̀ òjò pupa, eruku ọyẹ́ funfun: àwọ̀ àárín nìkan ló ń bo méjèèjì láṣìírí, bíi bírọ́ọ̀ǹsì tó mọ́ díẹ̀, àwọ̀ iyanrìn, eérú tó pọ́n díẹ̀.

Dúdú tún ní ẹjọ́ mìíràn. Ó ń mu ooru. Férémù tó gùn ní mítà 2, bí ara rẹ̀ bá fi ìwọ̀n 40 gbóná ju bó ṣe rí láàárọ̀ lọ, á fi nǹkan bíi mìlímítà 2 gùn sí i. Lálẹ́, á sún kì. Lójoojúmọ́ ni yóò máa fa sílíkọ́ọ̀nù tó wà láàárín òun àti ògiri bẹ́ẹ̀, títí yóò fi ya, tí omi á sì rí ọ̀nà. Funfun ń gùn, ó ń kì, ṣùgbọ́n kò tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ilé dúdú tí a ń rí lórí fóònù, ọ̀pọ̀ wọn wà nílẹ̀ tí wọ́n ti ń wá ooru kiri. Àwa kò wá a.

Apá tí fèrèsé kọjú sí ṣe pàtàkì. Ní Kabba, oòrùn máa ń gba àtàrí wa kọjá lóṣù Kẹrin, á tún gbà á padà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, nítorí náà etí òrùlé tó gùn ń ṣíji bo fèrèsé àríwá àti gúúsù lọ́sàn-án. Ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn ni kò ní ààbò, torí ìsàlẹ̀ ni oòrùn ti ń wọlé síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dúdú lọ́ranyàn, kí ó fi sí abẹ́ ọ̀ọ̀dẹ̀.

Lára àwọn àwọ̀ tó ń ṣá, pupa tó ń tàn bí iná àti yélò tó mọ́ gan-an ló ń ṣáájú. Búráùn àti pupa erùpẹ̀ ń pẹ́ gan-an. Kò sí ìyanu níbẹ̀: èròjà irin tó mú ilẹ̀ Kabba pupa, irú rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń lọ̀ mọ́ ọ̀dà búráùn. Oòrùn ti ń pa erùpẹ̀ wa láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kò sì tíì ṣí.

Ìmọ̀ràn kan ṣì wà tí mo máa ń tẹnu mọ́. Páànù òrùlé ni kí férémù bá mu, kì í ṣe ògiri. Bí ọdún márùn-ún bá kọjá, ẹ ó tún ògiri kùn, ó sì lè jẹ́ ọmọ yín ló máa yan àwọ̀ rẹ̀. Òrùlé àti férémù ló jọ máa wà pẹ́.

Ẹ gbé e jáde sí oòrùn

Àwọ̀ tí iná ṣọ́ọ̀bù fi hàn kì í ṣe àwọ̀ tó máa wà lára ilé. Ẹ gba àgékù férémù tó gùn tó apá, ẹ má gba èyí tó tóbi bí ìka. Ẹ gbé e lọ sí iwájú ilé yín, ẹ gbé e ti ògiri, ẹ wò ó lọ́sàn-án gangan, ẹ tún wò ó ní ìrọ̀lẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti pààrọ̀ ọkàn wọn láàárín ìgbà méjèèjì yìí.

Orí àgékù yìí náà ni ẹ ti máa dán fíníṣìn wò. Ẹ ní kí oníná fi ẹnu mítà rẹ̀ méjèèjì kan ojú rẹ̀ jẹ́jẹ́. Bí iná bá kọjá, ara lásán ni, ohun yòówù kí wọ́n pè é. Anodáìsì kì í jẹ́ kí iná kọjá, pọ́dà kótìn náà kì í jẹ́. Fún pọ́dà kótìn, ẹ fi abẹ fa ìlà kéékèèké tó dábùú ara wọn, kí ó rí bí àwọ̀n, ẹ lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn, ẹ fà á yọ lójijì. Bí àwọ̀ bá tẹ̀ lé sẹ́lótéèpù, ẹ má ra ọjà náà. Ní ti ilé tí ẹ ti ń gbé, ẹ fi ìka nu férémù àtijọ́. Bí ìyẹ̀fun funfun bá dúró sí ìka yín bíi tẹni tó fọwọ́ kan ẹfun, oòrùn ti ń jẹ ojú ọ̀dà náà nìyẹn.

Ẹ béèrè súkúrù tí wọ́n fẹ́ lò. Súkúrù irin lásán á dógùn-ún, á sì jẹ alumíníọ̀mù tó yí i ká. Èyí tí kì í dógùn-ún ni kí wọ́n mú wá. Lẹ́yìn náà, omi, ọṣẹ díẹ̀ àti aṣọ rírọ̀ ti tó fún fífọ̀, ní pàtàkì nígbà tí ọyẹ́ bá ń parí. Kànìnkànìn, iyanrìn, bẹntiróòlù, tínà àti ọṣẹ tó ní blíìṣì, kò sí èyí tó yẹ kó sún mọ́ ọn nínú wọn.

Ní ti ẹ̀gbọ́n mi, búráùn méjèèjì ṣì wà lára ilé rẹ̀. Àpá sìmẹ́ǹtì lára anodáìsì kò ṣeé tún ṣe lára ògiri. Àfi kí wọ́n yọ férémù, owó yẹn kò sì sí. Àwọn fèrèsé ẹ̀yìn, ṣokoléètì tí kò wù ú rí, kò ní àpá kankan. Lọ́jọ́ tí mọlémọlé ń rẹ́ ògiri, ọ̀rá ṣì wà lára wọn. Ti iwájú ni oníṣẹ́ ti ya kúrò, kí ó lè ya fọ́tò ránṣẹ́ sí Abuja.